Àwọn àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ tí a bá ń tún ilé ìdáná àti yàrá ṣe ní Ìkòròdú

Ohun tí ojú ń rí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe ilé, ibẹ̀ gan-an ni owó sì ti ń ṣòfò. Onílé á rí owó díẹ̀ gbà, bóyá àjọ ló kàn án tàbí ọmọ tó wà lókè òkun ló fi nǹkan ránṣẹ́. Á gba Orílé lọ ra táìsì, á sanwó kábínẹ́ẹ̀tì, á gbé síńkì tuntun wálé. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró sí pálọ̀ tán ni á ṣẹ̀ṣẹ̀ ránṣẹ́ pe birikilà. Birikilà á fi òòlù kan ògiri lẹ́ẹ̀kan, yanrìn á bẹ̀rẹ̀ sí í dà sílẹ̀. Omi ti jẹ ògiri náà láti inú. Owó tó yẹ kó tún un ṣe ti bá táìsì lọ.

Ẹni tí ilé rẹ̀ ti pẹ́ díẹ̀ ni mo ń bá sọ̀rọ̀, irú ilé tí àwọn òbí wa fi owó ìfẹ̀yìntì àti owó àjọ kọ́ díẹ̀díẹ̀ ní Ìgbógbó, ní Ìjẹ̀dẹ̀, ní Agric àti Ọ̀wútù. Ilé tó lágbára ni wọ́n, ó yẹ ká tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ inú wọn ní ètò. Òrùlé ló ṣáájú. Omi tó ń wọ ògiri ló tẹ̀lé e, lẹ́yìn náà páìpù, lẹ́yìn náà wáyà iná. Nígbà tí ìyẹn bá parí la ó tó rẹ́ ògiri, ká ṣe àjà, ká lẹ táìsì, ká gbé kábínẹ́ẹ̀tì wọlé. Ọ̀dà ló kẹ́yìn. Ẹni tó bá yí ètò yìí padà á san owó iṣẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì.

Ẹ má fi ọ̀dà bo ògiri tó ń fami

Ìkòròdú sún mọ́ ọ̀sà. Ní Bàyékù, ní Ẹ̀bùtè àti ní apá kan Ìgbógbó, tí òjò bá ti rọ̀ dáadáa, ilẹ̀ tí ẹ máa gbẹ́ kò ní jìn kí ẹ tó kan omi. Omi yẹn ń gba ìdí ìpìlẹ̀ gòkè sínú búlọ́ọ̀kù. Bí àwọn tó kọ́lé kò bá tẹ́ ọ̀rá sáàárín ìpìlẹ̀ àti ògiri, kò sí ohun tó máa dá a dúró. Àwọn àdúgbò kan tún wà tí wọ́n ti da yẹ̀pẹ̀ sí títì lọ́dọọdún débi pé títì ti ga ju ilé lọ. Ibi tó rẹlẹ̀ ni omi òjò ń wá, ẹ̀gbẹ́ ògiri yín ló sì ń dúró sí.

Irú ògiri bẹ́ẹ̀ kò fara pamọ́. Láti ìsàlẹ̀ títí dé orúnkún, nígbà mìíràn dé ìbàdí, ọ̀dà á máa wú, á máa bó. Tẹ́ ẹ bá fi ìka ra ojú ibẹ̀, ohun funfun kan tó kúnná á bá yín lọ́wọ́. Iyọ̀ ni. Omi ló gbé e jáde látinú búlọ́ọ̀kù àti yanrìn, bí omi ṣe ń gbẹ ló ń fi iyọ̀ sílẹ̀. Yanrìn tí wọ́n wà látinú ọ̀sà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí omi òkun ti pọ̀ nínú rẹ̀, máa ń ní iyọ̀ tí òjò kò bá fọ̀ ọ́. Nítorí náà, ẹ béèrè ibi tí yanrìn ti wá kí típà tó dà á sílẹ̀.

Tí wọ́n bá rí ògiri yìí, ohun tí ọ̀pọ̀ ń ṣe ni kí wọ́n ra ọ̀dà olówó ńlá, tàbí kí wọ́n lẹ táìsì mọ́ ọn. Táìsì kò lè dá omi dúró. Omi á gba ẹ̀yìn rẹ̀ gòkè, á yọ lókè rẹ̀, ibi tó gbẹ tẹ́lẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í bó. Ibi tí omi ti ń wá ni kí ẹ kọ́kọ́ wá. Ẹ gé ọ̀rá tó mọ́ kedere ní ìwọ̀n fíìtì 1 ní òró àti ní ìbú, ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri yí ká, ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Tí omi bá sé sí ẹ̀yìn ọ̀rá, ní apá tó kọjú sí ògiri, inú ògiri ló ti ń jáde. Tó bá jẹ́ ojú ọ̀rá tó kọ sí yín ló tutù, ọ̀rinrin inú ilé ni, atẹ́gùn ni kò wọlé tó.

Tó bá jẹ́ ti ògiri, ẹ kó yẹ̀pẹ̀ tó ga mọ́ ọn níta kúrò títí yóò fi rẹlẹ̀ ju ilẹ̀ inú ilé lọ. Ẹ la ọ̀nà fún omi òjò. Ẹ wo páìpù tó bá gba ibẹ̀ kọjá. Ẹ ha gbogbo ibi tó ti bàjẹ́ kúrò títí ẹ ó fi kan búlọ́ọ̀kù, ẹ jẹ́ kó fẹ́ atẹ́gùn dáadáa, kí birikilà tó fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn tó ń lé omi mọ́ tún un rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, sùúrù. Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́ máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 4 kó tó gbẹ dénú. Pẹ́ńtà tó ní òun fẹ́ kun ún lọ́jọ́ kẹta ń wá bí òun ṣe máa tètè gba owó òun ni.

Ẹ dán omi yín wò kí ẹ tó ra síńkì

Ẹ fa omi bóòhóòlù yín sínú garawa funfun lálẹ́, ẹ má dé e. Ó máa mọ́ gaara. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ wo ìsàlẹ̀ garawa náà. Ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìkòròdú, ohun pupa kan á ti rò sílẹ̀, òórùn irin á sì máa ti ara rẹ̀ jáde. Irin tó yòrò sínú omi lábẹ́ ilẹ̀ ni. Atẹ́gùn ló bá a pàdé tó fi di ìpẹtà.

Irú omi yìí kò bá síńkì funfun àti táìsì funfun ṣe. Láàárín oṣù díẹ̀, àmì pupa á ti tẹ̀lé ojú ọ̀nà tí omi ń gbà, bí ẹ sì ṣe ń fi kẹ́míkà fọ̀ ọ́ ni dídán rẹ̀ á máa lọ. Tí owó bá wà, ẹ ṣe ibi tí omi á ti máa já bọ́ nínú atẹ́gùn kó tó wọ táǹkì, kí ẹ sì fi fílítà sí i. Kí ẹ ṣe é kí ẹ tó ra ohunkóhun fún ilé ìdáná. Tí owó kò bá tíì ká a, ẹ yan síńkì onírin tí kì í dípẹtà, kí ẹ sì lo sìmẹ́ńtì aláwọ̀ dúdú tàbí eérú sí ojú ìpàdé táìsì.

Ilé ìdáná inú fóònù kì í ṣe ti ọbẹ̀ wa

Èyí máa ń dùn mí gan-an, nítorí àwọn ìyá ló máa ń jìyà rẹ̀. Ọmọ á fi àwòrán ilé ìdáná òkè òkun han kápẹ́ńtà, kápẹ́ńtà á sì kan kábínẹ́ẹ̀tì yí ògiri mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ká. Níbo ni ìkòkò àṣè máa wà? Níbo ni odó máa dúró? Fírísà ńkọ́? Dúrọ́ọ̀mù omi ńkọ́, fún ọjọ́ tí kò bá síná tí a ó fi fa omi? Mọ́mì á wá gbé gbogbo ẹrù wọn lọ sí ẹ̀yìnkùlé, wọn á máa dáná níbẹ̀ lórí ààrò, ilé ìdáná tuntun á di ibi tí wọ́n ń se tíì.

Ẹ kọ́kọ́ jókòó ti ẹni tó ń dáná. Ẹ wọn ìkòkò tó tóbi jù nínú ilé, ẹ wo bó ṣe ga tó tí ó bá wà lórí gáàsì, kí ẹ tó mọ ibi tí kábínẹ́ẹ̀tì òkè máa wà. Orí pátákó tí a ti ń gé ẹ̀fọ́ sábà máa ń ga ní ínṣì 36, ó sì ń fẹ̀ ní ínṣì 24. Bí ẹni tó ń lò ó bá kúrú, ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀, kápẹ́ńtà kò ní kú sí i. Tí ẹ bá ń gún iyán nílé, ẹ fi igun kan sílẹ̀ tí kò ní táìsì, kí kọ́ńkéré ibẹ̀ nípọn dáadáa. Bí ọmọ odó bá ti ń dún lórí táìsì, kò ní pẹ́ tí á fi là.

Nípa kábínẹ́ẹ̀tì: pátákó MDF, èyí tí wọ́n fi lẹ́búlẹ́bú igi àti gúlúù tẹ̀ pọ̀, rẹwà, owó rẹ̀ sì rọrùn, ṣùgbọ́n tí omi bá kàn án lára, ó wú nìyẹn, kì í padà sípò. Abẹ́ síńkì ni ìjàm̀bá rẹ̀ sábà máa ń bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí kápẹ́ńtà lo marine board, pátákó tó ń fara da omi, níbẹ̀, kí ó sì fi ẹsẹ̀ gbé gbogbo kábínẹ́ẹ̀tì kúrò nílẹ̀ ní ínṣì 4, kí omi tí a fi ń fọlẹ̀ má baà mu ún.

Ẹ má ṣe ti sílíńdà gáàsì mọ́ inú kábínẹ́ẹ̀tì. Gáàsì ìdáná wúwo ju atẹ́gùn lọ. Tó bá ń jò, ìsàlẹ̀ ló máa rọ̀ sí, á kún ilẹ̀, ẹni tó bá tan iná mànàmáná láàárọ̀ ló máa fi iṣáná sí i láìmọ̀. Ìta ló dára kí sílíńdà wà, nínú àgò irin tí atẹ́gùn ń gba inú rẹ̀ kọjá, kí páìpù bàbà mú gáàsì wọlé.

Wáyà tó wà nínú ògiri

Nígbà tí wọ́n kọ́ ilé wọ̀nyí, gílóòbù, fáànù àti rédíò ni wáyà wọn ń gbé. Lónìí, kẹ́tùlù kan ṣoṣo ń fa tó 2,000 wáàtì, makiróweefù wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, fírísà ò sì gbọdọ̀ kú. Ẹni tó so gbogbo rẹ̀ mọ́ ẹkisitẹ́ńṣọ̀n kan ń pe iná wọlé. Wáyà 1.5mm wà fún gílóòbù, 2.5mm wà fún sókẹ́ẹ̀tì, éyà kóńdíṣọ̀n yàrá sì gbọ́dọ̀ ní ti ẹ̀ tó wá tààrà láti ojú bọ́ọ̀dù, 4mm ni wọ́n sábà máa ń lò fún un. Ẹ béèrè wáyà tó jẹ́ bàbà látòkèdélẹ̀. Wáyà tó jẹ́ pé bàbà kàn bo ara rẹ̀ ni, tí inú rẹ̀ jẹ́ nǹkan mìíràn, pọ̀ lọ́jà, ó sì máa ń gbóná.

Bí ẹ kò tilẹ̀ tíì lówó ínfátà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fa wáyà rẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ògiri ṣì là.

Kí ẹ tó wó ògiri

Àwọn tó fẹ́ sọ ilé ìdáná àti pálọ̀ di ọ̀kan máa ń sọ fún birikilà pé kó wó ògiri àárín. Nínú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ògiri yẹn lè jẹ́ èyí tó ru dẹ́kì. Ẹ má wo bó ṣe nípọn tó, búlọ́ọ̀kù ínṣì 6 náà lè ru ẹrù. Ẹnjiníà nìkan ló lè sọ ọ́. Ní ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ètò ìlú ti ọdún 2010 ló dá LASPPPA tó ń fúnni níwèé àṣẹ sílẹ̀, òun náà ló dá LASBCA tó ń mójú tó ilé kíkọ́ sílẹ̀. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn kí òòlù tó gbéra.

Yàrá

Ibùsùn ni kí ẹ fi wọn yàrá. Bẹ́ẹ̀dì fíìtì 6 sí 6 nínú yàrá fíìtì 10 sí 10 kò fi àyè púpọ̀ sílẹ̀ fún wọ́dúróòbù tí ilẹ̀kùn rẹ̀ máa ṣí. Wọ́dúróòbù kò sì gbọdọ̀ lẹ̀ mọ́ ògiri ìta tó ń fami, aṣọ òkè Mọ́mì á hu funfun níbẹ̀.

Irin ojú fèrèsé: ẹ jẹ́ kí ọ̀kan ó kéré tán máa ṣí láti inú, kí gbogbo ará ilé mọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ wà. Tí iná bá sọ lẹ́nu ọ̀nà, fèrèsé ni àbáyọ. Bákan náà, ẹ má la fèrèsé yàrá tuntun sí ibi tí jẹnẹrétọ̀ ń dúró sí. Èéfín rẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀, tí kò ní òórùn, ẹni tó bá sùn ò ní mọ̀ pé òun ń mu ún.

Àwọn mìíràn fẹ́ fi ilé ìwẹ̀ kún yàrá. Ó dára, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ wo ibi tí sókàwéè wà àti bó ṣe máa ń rí ní oṣù kẹfà. Tó bá ń kún lásìkò òjò, ìgbẹ́ ilé ìwẹ̀ tuntun á máa padà wọ yàrá.

Àsìkò àti owó

Oṣù kẹrin sí oṣù keje kì í ṣe àsìkò tí a ń ṣí òrùlé tàbí tí a ń retí kí ògiri gbẹ. Láti oṣù kọkànlá lọ ló dára. Ẹ má sì tú ilé ìdáná àti yàrá lẹ́ẹ̀kan náà tí ẹ ṣì ń gbé inú ilé. Níbo lẹ ti máa jẹun, níbo lẹ máa sùn, tí erùpẹ̀ sìmẹ́ńtì sì ń fò lórí àwọn ọmọdé? Ẹ parí ọ̀kan.

Táìsì tí ẹ bá nílò, ẹ fi ìdá kan nínú mẹ́wàá kún un, kí nọ́ńbà tó wà lára páálí gbogbo rẹ̀ bára mu. Àwọ̀ kan náà lẹ́nu ni, ṣùgbọ́n tí ẹ bá padà lọ ra méjì lẹ́yìn ọdún kan, ẹ ó rí i pé kò bára mu mọ́. Ẹ tọ́jú èyí tó bá ṣẹ́kù.

Owó iṣẹ́, ẹ pín in sí ọ̀nà mẹ́ta, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá òṣìṣẹ́ fọwọ́ sí i. Kí wọ́n tó fi sìmẹ́ńtì bo páìpù, ẹ ní kí wọ́n di gbogbo ẹnu rẹ̀, kí wọ́n ṣí omi sí i mọ́jú, kí ẹ fi ọwọ́ kan ojú ìpàdé kọ̀ọ̀kan láàárọ̀. Ẹ fi fóònù ya gbogbo ògiri bí ó ṣe là sílẹ̀, pẹ̀lú téèpù ìwọ̀n lẹ́gbẹ̀ẹ́ páìpù àti wáyà, kí ẹni tó bá máa lu ìṣó lọ́jọ́ iwájú mọ ibi tí kò gbọdọ̀ dé. Ìgbà tí ìyẹn bá yanjú ni kí ẹ san ìdá kejì.