Àṣìṣe tó ń gba ìsinmi lọ́wọ́ oníṣẹ́ àdáni

Ẹni tó ń kọ̀wé, tó ń túmọ̀ èdè, tó ń gé fídíò tàbí tó ń ṣe ìkànnì íntánẹ́ẹ̀tì fún oníbàárà oríṣiríṣi, tí kò sí lábẹ́ ọ̀gá kankan, kì í pẹ́ tí yóò fi máa ráhùn pé òun ò ráyè sinmi mọ́. Ìmọ̀ràn tí wọ́n máa ń fún un ni pé kó tètè máa jí, kó pín àkókò rẹ̀ dáadáa, kó máa pa fóònù. Kò burú. Ṣùgbọ́n n kò gbà pé ibẹ̀ ni ìṣòro ti ń wá. Lọ́pọ̀ ìgbà, iye tí ó pè àti àdéhùn tí kò kọ ló ti ta ìsinmi rẹ̀ dànù kó tó jókòó ti iṣẹ́ rárá. Ọ̀rọ̀ owó ni màá fi bẹ̀rẹ̀ nítorí ìyẹn, ibẹ̀ náà ni màá sì ti pẹ́ jù.

Pípe owó bíi pé ẹ ṣì ń gba owó oṣù

Bí ọ̀pọ̀ ṣe ń ṣe é nìyí: wọ́n á mú owó ọdún tí wọ́n ń gbà níbi iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀, wọ́n á pín in sí wákàtí iṣẹ́ inú ọdún. Ọ̀sẹ̀ 52, wákàtí 40 lọ́sẹ̀, ó di 2,080. Ká ní owó ọdún náà jẹ́ 24,000, nínú owó yòówù tí ẹ bá ń ná. Tí ẹ bá pín in, ẹ ó rí nǹkan bíi 11.5 fún wákàtí kan. Lójú ẹni tó ń ṣírò, ó pé.

Kò pé. Ta ló ń ṣiṣẹ́ ọ̀sẹ̀ 52? Ẹ yọ ọ̀sẹ̀ 6 fún ìsinmi, àìsàn àti ọjọ́ ọdún, ó ku 46, ìyẹn wákàtí 1,840. Oníbàárà kò sì ní sanwó fún wákàtí tí ẹ fi wá a kàn, tàbí èyí tí ẹ fi ń dáhùn lẹ́tà, tí ẹ fi ń ṣírò owó, tí ẹ fi ń kọ́ ohun tuntun. Tí ìdá kan nínú mẹ́ta bá bá irú nǹkan wọ̀nyí lọ, èyí tí ẹ lè gbowó lé lórí kò ju nǹkan bíi 1,200 lọ. Ohun tí ilé iṣẹ́ ń bá yín san tẹ́lẹ̀ náà ti di ẹrù yín báyìí: kọ̀ǹpútà, íntánẹ́ẹ̀tì, iná, owó àwọn ètò tí ẹ fi ń ṣiṣẹ́, ìtọ́jú ìlera, owó orí. Ẹ jẹ́ ká pe gbogbo rẹ̀ ní 6,000. Owó tó gbọ́dọ̀ wọlé lọ́dún ti di 30,000. Ẹ pín in sí 1,200, yóò fún yín ní 25.

11.5 àti 25. Èkejì ju ìlọ́po méjì èkíní lọ.

Wàyí o, ẹ wo ẹni tó dúró sórí 11.5, tí ìnáwó rẹ̀ sì jẹ́ 30,000. Ó gbọ́dọ̀ rí wákàtí tó tó 2,600 tí wọn yóò sanwó fún. Ẹ ro wákàtí 640 tí ẹnikẹ́ni kò sanwó fún mọ́ ọn, kí ẹ wá pín gbogbo rẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ 46. Nǹkan bíi wákàtí 70 lọ́sẹ̀ ni: wákàtí 10 lóòjọ́, láti ọjọ́ Ajé títí dé ọjọ́ Àìkú, láìsí ọjọ́ kan ṣoṣo tí yóò fi simi. Àtètèjí wo ló fẹ́ yanjú èyí?

Ara náà sì ń sanwó tirẹ̀. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ gbé jáde ní 2021 fi hàn pé ẹni tó ń ṣiṣẹ́ wákàtí 55 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lọ́sẹ̀ wà nínú ewu àrùn rọpárọsẹ̀ ní ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ju ẹni tó ń ṣe 35 sí 40 lọ. Ewu pé kí àrùn ọkàn tí dídí òpó ẹ̀jẹ̀ ń fà pa á fi ìdá 17 ga. Àwọn tó máa ń sọ fún wa pé iṣẹ́ loògùn ìṣẹ́ kò sọ iye wákàtí tí oògùn náà ń di májèlé.

Tí ẹ bá ń gba iṣẹ́ lórí ìkànnì, ẹ má gbàgbé ìpín tirẹ̀. Fiverr, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2010, ń yọ ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lára owó oníṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ kí 25 dé ọwọ́ òun gbọ́dọ̀ pe 31.25. Ẹni tó pe 25, 20 ló máa bá nílé.

Mi ò ní kí ẹ máa pe owó ní wákàtí wákàtí fún oníbàárà o. Pé kí ẹ pe iye kan fún odindi iṣẹ́ ló máa ń dáa jù, nítorí bí ọwọ́ yín bá ṣe ń yá sí i ni owó wákàtí á máa fìyà jẹ yín. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ mọ iye wákàtí yín ní ìkọ̀kọ̀, kí ẹ fi wo iṣẹ́ tó bá yọjú. Ẹ sì jáwọ́ nínú fífi owó pọ́ọ́kú fa ojú oníbàárà mọ́ra. Ẹni tó bá torí owó kékeré wá sọ́dọ̀ yín yóò torí èyí tó kéré sí i lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíì, kó tó lọ sì rèé, òun ló máa ń béèrè àtúnṣe jù.

"Ẹ jọ̀ọ́, díẹ̀ ló kù"

Oníbàárà kì í sábà ní ìkà lọ́kàn. Ó ní ẹ bá òun fi ojú-ewé kan kún un, kékeré ni. Lọ́jọ́ kejì ó ní ẹ bá òun yí àwọ̀ padà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ rí iṣẹ́ náà, ẹ̀gbọ́n náà sì ní èrò tirẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì ti wọ ọ̀sẹ̀ márùn-ún, iye owó ṣì wà bó ṣe wà. Tí a bá ṣírò rẹ̀ bí a ti ṣe lókè, 25 yín ti padà di 10.

Àṣìṣe tó wà níbẹ̀ ti ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, nígbà tí ẹ ní "kò sí wàhálà, a jọ máa sọ ọ́." Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé ojú-ewé kan tó. Ohun tí ẹ máa ṣe, ohun tí kò sí nínú rẹ̀ (èyí ló ṣe pàtàkì jù, òun sì ni wọ́n máa ń fò), ẹ̀ẹ̀melòó ni àtúnṣe ọ̀fẹ́, ọjọ́ mélòó ni oníbàárà ní láti fi wo iṣẹ́ kó sì fèsì, owó àsansílẹ̀, ọjọ́ tí ìyókù yóò wọlé, ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ tí ọ̀kan nínú yín bá fẹ́ dáwọ́ dúró. Tí kò bá fẹ́ tọwọ́ bọ ìwé, ẹ kọ ọ́ sínú lẹ́tà ímeèlì, kó dá a lóhùn pé òun gbà. Oníbàárà tó bá bínú nítorí èyí ti sọ irú ẹni tó jẹ́ fún yín ní ọ̀fẹ́.

Tí "díẹ̀" bá wá dé, ẹ má sọ pé rárá, ẹ má sì fi inú bínú ṣe é lóru. Ẹ sọ pé: "Ó ṣeé ṣe. Kò sí nínú àdéhùn wa, torí náà iye rẹ̀ nìyí, yóò sì fi ọjọ́ mẹ́ta kún iṣẹ́." Ẹnu máa yà yín sí iye ìgbà tí oníbàárà yóò ní kí ẹ fi sílẹ̀, òun kò nílò rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Iṣẹ́ ọ̀rẹ́ àti ti ẹbí ló nílò ìwé jù. Ẹ lè dín owó kù fún wọn bó bá ti wù yín, kí ẹ kọ iye tó yẹ sílẹ̀, kí ẹ kọ ẹ̀dínwó náà sábẹ́ rẹ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn ò ní mọ̀ pé ẹ ṣe wọ́n lóore, ẹ̀yin náà ò sì ní gbàgbé pé ẹ ṣe é.

Ẹ tún kọ ẹni tó ni iṣẹ́ náà. Lábẹ́ Àdéhùn Berne ti 1886, tí orílẹ̀-èdè tó lé ní 170 wà nínú rẹ̀, ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ènìyàn kọ tàbí tí ó yà wà láti ìgbà tó ti ṣe é, kò nílò ìforúkọsílẹ̀. Òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan yàtọ̀ lórí bí ẹ̀tọ́ náà ṣe ń bọ́ sọ́wọ́ oníbàárà, ìdí nìyẹn tí ìlà kan fi yẹ kó sọ pé yóò di tirẹ̀ lọ́jọ́ tí owó bá pé, kì í ṣe lọ́jọ́ tí iṣẹ́ bá parí.

Owó tó wà lọ́wọ́ oníbàárà, àti èyí tó ti wọlé

Ẹ má ṣe bẹ̀rẹ̀ láìgba nǹkan sílẹ̀. Ìdajì fún iṣẹ́ kékeré. Iṣẹ́ ńlá, ẹ gé e sí ìpele mẹ́ta tàbí mẹ́rin, kí owó ìpele kan wọlé kí ẹ tó ṣí òmíràn. Ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí gan-an ni kí ìwé owó jáde, kí ó ní nọ́mbà, kí ọjọ́ tí owó gbọ́dọ̀ wọlé sì hàn gbangba lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ tó ń pariwo pé oníbàárà ń fi owó àwọn falẹ̀ ló jẹ́ pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn iṣẹ́ ni wọ́n tó fi ìwé ránṣẹ́. Ní ìlú New York, òfin kan tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2017 sọ ọ́ di dandan kí àdéhùn iṣẹ́ àdáni tó bá tó 800 dọ́là wà lákọsílẹ̀, kí owó sì wọlé láàárín ọjọ́ 30 lẹ́yìn iṣẹ́ tí àdéhùn kò bá dá ọjọ́ mìíràn. Níbi tí kò sí irú òfin bẹ́ẹ̀, ìwé tí ẹ kọ ni òfin yín.

Lẹ́yìn tí owó bá wọlé, àṣìṣe tó kù ni kí ẹ máa ná an bó ṣe ń wọlé. Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé. Ẹ ya àpò owó iṣẹ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ti ilé. Ti owó orí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ, lójú ẹsẹ̀, torí kì í ṣe owó yín. Kí ẹ wá máa san iye kan náà fún ara yín lóṣooṣù, oṣù tó dáa àti oṣù tó gbẹ. Tí owó oúnjẹ àti owó ilé oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà bá wà nílẹ̀, ẹnu yín yóò le láti kọ iṣẹ́ tí kò dáa. Ẹni tí kò ní nǹkan kan nílẹ̀ kì í lè bá oníbàárà dúnàádúrà, á kàn máa gbà ni.

Nígbà tí iṣẹ́ pọ̀

Ìgbà tí ọwọ́ bá dí ni ọ̀pọ̀ ń dáwọ́ wíwá iṣẹ́ dúró. Oṣù méjì lẹ́yìn náà, iṣẹ́ á tán lẹ́ẹ̀kan náà, ìpayà á dé, wọ́n á sì gba ohunkóhun ní iyekíye. Wákàtí méjì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ tó fún wíwá oníbàárà, kódà nígbà tí iṣẹ́ kún ọwọ́. Tí oníbàárà kan ṣoṣo bá ń mú ju ìdajì owó yín wá, òun ti di ọ̀gá yín, kò kàn fún yín ní owó ìsinmi àti owó ìfẹ̀yìntì ni.

Fífèsì ní aago méjìlá òru ń kọ́ oníbàárà pé aago méjìlá òru dáa. Ẹ kọ wákàtí tí ẹ ń dáhùn sínú àdéhùn, pàápàá tí oníbàárà bá wà ní orílẹ̀-èdè tí ilẹ̀ wọn ń mọ́ nígbà tí tiyín ń ṣú. Ní 2019, Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣàlàyé àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń dá sílẹ̀ ní ọ̀nà mẹ́ta: okun tó tán pátápátá, ìkórìíra tàbí àìka iṣẹ́ náà sí mọ́, àti iṣẹ́ tí kò já fáfá mọ́. Èkejì ni kí ẹ máa ṣọ́. Ọjọ́ tí orúkọ oníbàárà lójú fóònù bá ti ń bí yín nínú kí ẹ tó ka ohun tó kọ, ìsinmi ti pẹ́.

Ní ti àwọn gbájú-ẹ̀, kò gba àlàyé púpọ̀: iṣẹ́ tó ní kí ẹ kọ́kọ́ sanwó kí ẹ tó gbà á, "ìdánwò" ọ̀fẹ́ tó gùn tó odindi iṣẹ́, àti ẹni tó ní òun ṣèèṣì san owó tó pọ̀ jù, kí ẹ dá ìyókù padà. Ẹ sá fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bákan náà, ẹ má dá nìkan ṣe é. Ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èkù ara rẹ̀; ẹ wá ẹlẹgbẹ́ kan tó lè wo iye tí ẹ fẹ́ pè kí ẹ tó fi ránṣẹ́, nítorí ojú ara ẹni máa ń dín owó kù.

Àṣìṣe tí àwọn tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ ń ṣe yàtọ̀ díẹ̀. Owó tuntun ni wọ́n ń pè fún oníbàárà tuntun, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà àtijọ́ ṣì wà lórí owó ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, àwọn wọ̀nyí ló sì ń gba ọ̀pọ̀ wákàtí. Ojú ń tì wọ́n láti sọ ọ́. Ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, oṣù méjì ṣáájú: iye tuntun, ọjọ́ tí yóò bẹ̀rẹ̀, ọpẹ́ fún iṣẹ́ tí ẹ ti jọ ṣe. Ẹ má ṣàlàyé ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ má sì tọrọ àforíjì. Ẹni tó bá kọ̀, ẹ bá a parí èyí tó wà lọ́wọ́ ní iye àtijọ́, kí ẹ fún un ní orúkọ ẹnìkan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀.