Bí mo ṣe tọpa ọkọ̀ ogun Stonewall láti èbúté dé èbúté

Ogun abẹ́lé Amẹ́ríkà ń kásẹ̀ nílẹ̀ lọ ní 1865 nígbà tí ọkọ̀ onírin yìí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ sójú òkun. Mo fẹ́ rí ohun tí àwọn ìjọba tó ní àwọn ò dá sí ìjà ṣe sí i. Mo to ọjọ́ àti èbúté tẹ̀lé ara wọn, mo sì ń bi ara mi níbi kọ̀ọ̀kan pé: ta ló ni ibí, kí ló sì gbà láyè?

Bordeaux ní Faransé, níbi tí wọ́n ti kàn án, kò gba àkókò. Napoleon Kẹta, olú-ọba Faransé, kọ̀ kí wọ́n tà á fún àwọn ará Gúúsù tó fẹ́ ya kúrò lára Amẹ́ríkà, wọ́n tà á fún Dẹ́ńmáàkì, àwọn yẹn dá a padà, ló bá tún bọ́ sọ́wọ́ àwọn ará Gúúsù náà. Nígbà tí omi ń wọ inú rẹ̀, ó yà sí Ferrol, Sípéènì sì gbà kí wọ́n tún un ṣe, bí aṣojú Amẹ́ríkà tilẹ̀ fárígá. Ní March 24, Page tó ń darí rẹ̀ jáde wá pe ìjà. Craven, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Niagara ti ìjọba Amẹ́ríkà, kò dá a lóhùn, nítorí ọkọ̀ pákó ni tirẹ̀. Ilé ẹjọ́ ológun dá Craven lẹ́bi lẹ́yìn náà, Welles, mínísítà ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà, fagi lé ìdájọ́ yẹn. Èmi náà ò rí ẹ̀bi rẹ̀.

Lisbon ni mo ti pẹ́ jù. Òfin ni pé bí ọkọ̀ àwọn tó ń bára wọn jà bá jọ wà ní èbúté ẹni tí kò dá sí i, tí ọ̀kan bá jáde, èkejì gbọ́dọ̀ dúró fún wákàtí 24. Stonewall jáde ní March 28. Níjọ́ yẹn gan-an ni Niagara ṣí kúrò níbi tó ti so, ni ìbọn ńlá bá dún láti odi Belém. Àwọn Potogí fi ìbọn ti òfin náà lẹ́yìn.

Stonewall dé Havana ní Kúbà, tó wà lábẹ́ Sípéènì nígbà náà, ní May 11, ọjọ́ kan péré lẹ́yìn tí Ààrẹ Johnson kìlọ̀ fáwọn tó ṣì ń gba irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ lálejò. Page gba $16,000 láti san owó àwọn atukọ̀, ó fa ọkọ̀ lé gómìnà Kúbà lọ́wọ́. Sípéènì yọ̀ǹda rẹ̀ fún Amẹ́ríkà, Amẹ́ríkà sì dá owó yẹn padà.

Mo rò pé mo ti parí, àfi bí mo ṣe rí i pé wọ́n tà á fún Jàpáánì. Ogun abẹ́lé tún ti bẹ́ síbẹ̀ nígbà tó gúnlẹ̀ ní 1868. Lọ́tẹ̀ yìí, Amẹ́ríkà ló wà nípò Sípéènì: Van Valkenburgh, aṣojú rẹ̀, kọ̀ láti fún èyíkéyìí nínú ìhà méjèèjì tó ń jà ní ọkọ̀ náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìjọba Shogun, olórí ológun tó ń ṣàkóso Jàpáánì tẹ́lẹ̀, ti san èyí tó pọ̀ jù nínú owó rẹ̀. Nígbà tí yóò fi fà á lé ìjọba ọba lọ́wọ́ níbẹ̀rẹ̀ 1869, ẹni tí yóò borí ti hàn.