Ẹ yé fowó ṣòfò ní láàbù: àwọn àṣìṣe tó wọ́pọ̀ nínú tẹ́ẹ̀sì ẹ̀jẹ̀ fún àrùn tó ń ranni

Iṣẹ́ láàbù ni mò ń ṣe, ó sì ti pẹ́ tí mo ti wà nídìí ẹ̀. Ohun tó ń bí mi nínú ni báwọn èèyàn ṣe ń kó owó tí wọ́n fi òógùn ojú wọn wá sílẹ̀ fún tẹ́ẹ̀sì tí ò lè dáhùn ohun tí wọ́n fẹ́ mọ̀, wọ́n á gba oògùn lé e, ara ò ní yá, wọ́n á tún padà wá ṣe tẹ́ẹ̀sì kan náà. Mo ti ń sọ ọ́ lẹ́nu kántà títí ó fi sú mi, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ ọ́ síbí. Mi ò ní máa ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń gba ẹ̀jẹ̀ o, mo gbà pé gbogbo wa la ti ṣe tẹ́ẹ̀sì rí.

1. Ẹ má lo oògùn tán kẹ́ẹ tó wá ṣe tẹ́ẹ̀sì. Ẹ ra oògùn ibà ní kẹ́míìsì lálẹ́, ẹ lò ó, ó di ọ̀sán ọjọ́ kejì kẹ́ẹ tó rántí láàbù, oògùn ti ń pa kòkòrò ibà yẹn lọ, a wo máíkírósíkóòpù títí a ò rí nǹkan kan, ẹ wá ní a ò mọṣẹ́. Láti 2010 ni WHO, àjọ ìlera àgbáyé, ti sọ pé kí wọ́n máa yẹ ẹ̀jẹ̀ gbogbo ẹni tí wọ́n bá fura sí pé ibà ń ṣe wò kí wọ́n tó fún un lóògùn. Tẹ́ẹ̀sì ló ń ṣíwájú.

2. Ẹ má febi para yín nítorí tẹ́ẹ̀sì ibà, HIV tàbí jẹdọ̀jẹdọ̀ (hepatitis). Ẹ jẹun kẹ́ẹ tó wá.

3. Widal. Eléyìí ló ń dùn mí jù, ẹ jọ̀ọ́ ẹ ní sùúrù fún mi.

Ara gbóná díẹ̀, orí fọ́ díẹ̀, ohun tí mò ń gbọ́ ni "ẹ bá mi ṣe màláríà àti táífọ́ọ̀dù". Kò rí dókítà kankan o, òun fúnra ẹ̀ ló yan tẹ́ẹ̀sì fúnra ẹ̀. Màláríà yẹn ò burú. Táífọ́ọ̀dù yẹn ni wàhálà, torí Widal ni wọ́n máa ṣe fún un, kò sì sí ohun tí wọ́n máa ń ṣì lò tó Widal nílẹ̀ wa yìí.

Ọdún 1896 ni dókítà ará Faransé kan, Georges-Fernand Widal, gbé tẹ́ẹ̀sì yìí jáde. Kì í ṣe kòkòrò táífọ́ọ̀dù ló ń wá o. Antibody ló ń wá, ìyẹn àwọn ọmọ ogun tí ara ń dá sílẹ̀ láti bá kòkòrò yẹn jà. Ọmọ ogun yìí kì í tètè kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tí táífọ́ọ̀dù ti ṣe rí, ẹni tí kòkòrò yẹn wọ ara ẹ̀ tí ara ẹ̀ borí ẹ̀ láìmọ̀, ẹni tó gba abẹ́rẹ́ àjẹsára táífọ́ọ̀dù, ẹni tí irú Salmonella (ẹbí kòkòrò táífọ́ọ̀dù) míì ti wọ inú ẹ̀, kódà ẹni tó jẹ́ pé ibà lásán ló ń ṣe é, gbogbo wọn ni Widal lè jáde fún. Níbi tí omi mímu ò ti dára tó bíi tiwa, ẹ máa rí 1/80, irú nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sínú èsì Widal, lára ẹni tí ara ẹ̀ le koko, tó ń ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ. Tẹ́ẹ bá rí ipasẹ̀ ẹran nínú oko, ẹ mọ̀ pé ẹran kọjá níbẹ̀, ẹ ò mọ̀ bóyá àná ló kọjá àbí ọjọ́ ti pẹ́. Ohun tí Widal kan ṣoṣo lè sọ fún yín ò jùyẹn lọ.

Bó ṣe yẹ kí wọ́n ṣe é gan-an ni kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, kí ọ̀sẹ̀ kan sí méjì wà láàárín, kí wọ́n wá wò ó bóyá nọ́ńbà yẹn ti fi ìlọ́po mẹ́rin lọ sókè, bíi kó kúrò ní 1/40 kó bọ́ sí 1/160. Ta ló ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún yín? Ẹ̀kán omi ẹ̀jẹ̀ kan, ẹ̀kán oògùn tẹ́ẹ̀sì kan lórí táìlì funfun, wọ́n pò ó, ó ṣù, wọ́n kọ O àti H, oríṣi antibody méjì tí Widal ń wá, kún ìwé, ó parí. Ó sì tún ní ìdàkejì: tó bá jẹ́ pé táífọ́ọ̀dù tòótọ́ ló ń ṣe yín tẹ́ẹ wá lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, ọmọ ogun yẹn lè má tíì pọ̀ tó, Widal á ní kò sí nǹkan kan, ẹ máa padà sílé pẹ̀lú àrùn.

Màmá kan gbé nílọ́ọ̀nù wá sọ́dọ̀ wa, ìwé èsì ló kún inú ẹ̀, láàbù oríṣiríṣi, gbogbo ẹ̀ Widal. Wọ́n ti fún un ní síprò àìmọye ìgbà, wọ́n ti gún un lábẹ́rẹ́ títí, ó sọ fún mi pé táífọ́ọ̀dù òun ti wọnú eegun. Màmá yìí ti rù, ó ń làágùn lálẹ́, ó ń wúkọ́, àmọ́ kò sẹ́ni tó bi í léèrè ikọ́ torí ìwé Widal wà nílẹ̀, ojú gbogbo wọn ti wà níbẹ̀. Dókítà tó wá tẹ́tí sí i nígbẹ̀yìn ní kó wúkọ́ dáadáa kó tu kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ẹ̀ sínú ike, wọ́n fi GeneXpert, ẹ̀rọ tó ń wá kòkòrò ikọ́ ẹ̀gbẹ, yẹ̀ ẹ́ wò, ikọ́ ẹ̀gbẹ ni. Yàrá kan náà lòun àtàwọn ọmọ-ọmọ ẹ̀ jọ ń sùn. Gbogbo owó abẹ́rẹ́ yẹn, gbogbo oṣù yẹn, àwọn ọmọdé yẹn ń fa atẹ́gùn yẹn símú. Títí di òní tí mo bá rántí, inú ń bí mi.

Tẹ́ẹ bá fẹ́ mọ̀ bóyá táífọ́ọ̀dù ni lóòótọ́, ẹ bi dókítà léèrè blood culture. Wọ́n á fa ẹ̀jẹ̀ yín sínú ìgò tí oúnjẹ kòkòrò wà nínú ẹ̀, wọ́n á gbé e síbi tó lọ́wọ́ọ́wọ́ fún nǹkan bí ọjọ́ márùn-ún sí méje, tí kòkòrò bá wà á hù, wọ́n á sì tún fi oríṣiríṣi oògùn dán an wò kí wọ́n lè mọ èyí tó máa pa á. Ó wọ́n ju Widal lọ, ó ń pẹ́, kì í sì í rí gbogbo ẹni tí táífọ́ọ̀dù ń ṣe, ó lè fo ẹni mẹ́rin nínú mẹ́wàá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo mọ gbogbo ìyẹn. Àmọ́ tí kòkòrò bá hù níbẹ̀, àríyànjiyàn ti tán. Ẹ má sì bínú tí wọ́n bá fa ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀, àgbàlagbà máa ń tó mílílítà 8 sí 10 nínú ìgò kan torí kòkòrò yẹn kì í pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ yé bi wá pé ṣé a fẹ́ lọ tà á ni. Kẹ́ẹ tó gba oògùn ni kẹ́ẹ ṣe é o. Tẹ́ẹ bá ti lo síprò fọ́jọ́ mẹ́ta, owó culture yẹn lè wọgbó.

Ẹ̀yin tẹ́ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ṣí láàbù náà, mo mọ̀ pé Widal ló ń tètè mówó wọlé, mo mọ̀ pé rẹ́ǹtì ń bọ̀, dísù jẹnẹrétọ̀ ń bọ̀. Ẹ ṣì lè sọ òótọ́ fún oníbàárà. Ẹ sọ fún un kó lọ rí dókítà kọ́kọ́.

4. Kò sí tẹ́ẹ̀sì antibody inú ẹ̀jẹ̀ tẹ́ẹ lè fi mọ̀ pé ikọ́ ẹ̀gbẹ ń ṣe èèyàn. Lọ́dún 2011 ni WHO ti ní kí gbogbo ayé jáwọ́ nínú ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tà á fún yín, ẹ sá. Kẹ̀lẹ̀bẹ̀ ni kẹ́ẹ gbé lọ.

Ọ̀rọ̀ tẹ́ẹ̀sì ibà tó jẹ́ sítírípù náà wà ńlẹ̀. Lẹ́yìn tí oògùn bá ti pa kòkòrò ibà tán, ohun tí sítírípù yẹn ń wá, HRP2, èròjà tí kòkòrò ibà ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, ṣì máa ń wà nínú ẹ̀jẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Torí náà tẹ́ẹ bá lo oògùn ibà tán tẹ́ẹ tún lọ fi sítírípù yẹ̀ ẹ́ wò lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó lè tún pọn ìlà méjì, ẹ máa tún lo oògùn ibà lórí asán. Máíkírósíkóòpù ni kẹ́ẹ ní kí wọ́n lò nírú àsìkò yẹn. Ẹ má sì gbé sítírípù kalẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ kẹ́ẹ tó kà á, wọ́n kọ ìṣẹ́jú ẹ̀ sára páálí.

HIV. Èyí tó ń dẹ́rù bà mí jù nínú iṣẹ́ yìí ni ẹni tó ń sáré. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá lọ́jọ́ Túsìdeè, ohun tó ń bà á lẹ́rù ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, wọ́n ṣe tẹ́ẹ̀sì, kò sí, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Tẹ́ẹ̀sì yẹn ò lè rí ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé o! Sítírípù tí wọ́n ń gún ọmọ ìka fún, àtèyí tẹ́ẹ ń fúnra yín ṣe nílé, ọjọ́ 23 sí 90 ló ń gbà kó tó lè rí i. Èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ inú iṣan ṣe ní láàbù, tó ń wá antibody pẹ̀lú ara kòkòrò yẹn, ń gbà tó ọjọ́ 18 sí 45. Ohun tí ọmọ yẹn nílò lọ́jọ́ Túsìdeè ni PEP, oògùn ọjọ́ 28 tí kì í jẹ́ kí HIV ráyè wọlé sára, tó gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀ kí wákàtí 72 tó pé, bó bá sì ṣe yá tó ló ṣe dáa tó. Wákàtí yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pé lé e lórí níbi tó ti ń dúpẹ́. Mo lé e lọ sí ọsibítù ìjọba lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀yin tí ìlà méjì pọn fún náà, ẹ má tíì sunkún. Ọ̀kan ò tó. Tẹ́ẹ̀sì mẹ́ta tí wọn ò jọra ni WHO ní kí wọ́n fi mú un dájú láti 2019. Ẹ tún jọ̀ọ́, ẹni tó ti ń lo oògùn HIV, ẹ yé sáré ṣe tẹ́ẹ̀sì lẹ́yìn àdúrà láti wò ó bóyá ó ti lọ. Oògùn lè jẹ́ kí sítírípù ṣì í kà, ẹ máa ju oògùn nù, kòkòrò á padà. Ọmọ ìkókó tí ìyá ẹ̀ ní HIV, kó tó pé oṣù 18, antibody ìyá ẹ̀ ṣì lè wà lára ẹ̀, torí náà PCR, tẹ́ẹ̀sì tó ń wá kòkòrò yẹn gan-an, ni kẹ́ẹ ní kí wọ́n ṣe fún un.

Jẹdọ̀jẹdọ̀ oríṣi B. Arákùnrin kan fẹ́ gbéyàwó, ṣọ́ọ̀ṣì ní kí wọ́n lọ ṣe tẹ́ẹ̀sì, ó jáde lára ẹ̀. Ẹnì kan ta àgbo fún un lórí fóònù, kò jẹ́ kó mọ nǹkan kan ju àgbo lọ, arákùnrin yìí wá ń wá sí láàbù lóṣooṣù wá ṣe HBsAg, tẹ́ẹ̀sì sítírípù jẹdọ̀jẹdọ̀ B kan náà, ó máa gbé sítírípù súnmọ́ iná, á ní "ẹ wò ó, ìlà yẹn ti ń ṣá". Ìlà tó ṣá ò sọ pé àrùn ń lọ o. Tẹ́ẹ̀sì yẹn ò mọ iye, ó wà tàbí kò sí nìkan ló mọ̀. Tó bá ti lé lóṣù mẹ́fà tó ṣì wà níbẹ̀, ó ti di èyí tó ń pẹ́ lára nìyẹn, ohun tó kàn ni viral load (iye kòkòrò tó wà nínú ẹ̀jẹ̀), tẹ́ẹ̀sì ẹ̀dọ̀ àti scan, kí dókítà lè mọ̀ bóyá ẹ nílò oògùn báyìí, torí kì í ṣe gbogbo èèyàn ló nílò ẹ̀. Owó tẹ́ẹ máa fi ṣe HBsAg lẹ́ẹ̀kan sí i, ẹ fi ṣe é fún ìyàwó, tí kò bá sí lára ẹ̀, kó gba àjẹsára. Ẹ̀yin tí tiyín ti jáde, àjẹsára ò lè lé e lọ, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tà á fún yín. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àjẹsára náà, kó má wá ṣe HBsAg láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, torí ohun tó wà nínú abẹ́rẹ́ yẹn gan-an ni tẹ́ẹ̀sì ń wá.

Oríṣi C: antibody ẹ̀ máa ń wà níbẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ẹ bá ti gbádùn, tẹ́ẹ̀sì RNA, tó ń wá kòkòrò fúnra ẹ̀, ló ń sọ bóyá kòkòrò ṣì wà.

Tẹ́ẹ̀sì "ọgbẹ́ inú" tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ ṣe láti wá kòkòrò H. pylori, òun náà antibody ni. Tẹ́ẹ bá ti lo oògùn tán, ìgbẹ́ ni kẹ́ẹ gbé wá.

Ẹ wo ara ògiri láàbù tẹ́ẹ wọ̀. Medical Laboratory Science Council of Nigeria ló ń forúkọ àwa onímọ̀ láàbù sílẹ̀ tó ń fún wa níwèé àṣẹ, ìwé yẹn ò ṣeé fi pamọ́, ẹ ní kí wọ́n fi hàn yín.

Èyí tó kù ni ibà tó kọ̀ tí ò lọ. Tẹ́ẹ̀sì màláríà ní kò sí, ẹ tún lo oògùn màláríà, kò lọ, ẹ ṣe Widal, ẹ lo oògùn, kò lọ, ọ̀fun ń dun yín, àyà ń dun yín, ẹ ń bì, eku sì ń wọnú gààrí nílé. Ẹ má dúró ṣe tẹ́ẹ̀sì kẹta ní àdúgbò mọ́. Láti 1969 tí wọ́n ti mọ ibà Lassa, èyí tí eku ń kó ran èèyàn, nílùú Lassa ní Borno, bó ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ò yàtọ̀ sí ibà tá a mọ̀, kò sì sí láàbù kọ́nà kankan tó lè rí i. PCR ni, irú ilé ìwòsàn bíi ti Irrua ní ìpínlẹ̀ Edo ló ń ṣe é, oògùn ẹ̀ sì ń ṣiṣẹ́ jù tí wọ́n bá tètè bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ẹ lọ sí ọsibítù ńlá, ẹ dárúkọ eku fún dókítà láìtijú, kẹ́ẹ sọ gbogbo oògùn tẹ́ẹ ti lò. Nọ́ńbà NCDC, àjọ ìjọba tó ń gbógun ti àrùn ní Nàìjíríà, ni 6232, wọn kì í gba owó ìpè níbẹ̀.