Bí Mo Ṣe Wá Wáyà Tó Lè Kó Òkùnkùn Bá Gbogbo Nẹ́tíwọ̀kì

Ìbéèrè mi kò ju ẹyọ kan lọ: nínú nẹ́tíwọ̀kì iná mànàmáná, wáyà wo ló jẹ́ pé bó bá já, ó máa fa àwọn yòókù lọ? Mo lo IEEE 118, nẹ́tíwọ̀kì tí àwọn onímọ̀ iná fi ń dán nǹkan wò. Oríta 118 ló ní, wáyà àti tiransifọ́mà 186 ló so wọ́n pọ̀, iná tí wọ́n ń lò níbẹ̀ sì jẹ́ 4,242 mẹ́gáwáàtì. Ó wà lọ́fẹ̀ẹ́ nínú pandapower, irinṣẹ́ ìṣirò iná tí wọ́n ń fi èdè kọ̀ǹpútà tó ń jẹ́ Python lò.

NetworkX, irinṣẹ́ Python fún yíyẹ nẹ́tíwọ̀kì èyíkéyìí wò, ni mo kọ́kọ́ fi wò ó. Mo ní kó ka iye ọ̀nà àbùjá tó gba oríta kọ̀ọ̀kan kọjá. Òdo ni oríta 10 gbà, torí wáyà kan ṣoṣo ló dé ibẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, ẹ̀rọ amúnáwá tó ń pèsè 450 mẹ́gáwáàtì ló jókòó síbẹ̀! Irú ìṣirò yìí kò wúlò fún mi. Iná kì í wá ọ̀nà àbùjá. Gbogbo ọ̀nà tó ṣí ló ń gbà lẹ́ẹ̀kan náà, èyí tí ìdíwọ́ rẹ̀ kéré ló sì ń gbé púpọ̀ jù.

Mo wá bọ́ sórí ìṣirò tí wọ́n ń pè ní DC, ìṣirò onírọ̀rùn tó ń fojú díwọ̀n bí iná ṣe ń pín sórí àwọn wáyà. Dátà náà kò sọ ibi tí agbára wáyà mọ, nítorí náà mo fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ní ìlọ́po 1.2 ẹrù tó ń gbé tẹ́lẹ̀. Ẹ ṣọ́ra níbẹ̀ o: wáyà tí ẹrù rẹ̀ kéré á ní ààlà tín-ín-rín, á sì máa já láìnídìí. Mo fi ìwọ̀n kan lélẹ̀ tí ààlà wáyà kankan kò gbọ́dọ̀ rẹlẹ̀ jù.

Lẹ́yìn náà, mo yọ wáyà kan, mo tún un ṣírò, mo yọ gbogbo èyí tí ẹrù ti wọ̀ lọ́rùn, títí kò fi sí èyí tó ń já mọ́. Bí ẹ̀rọ amúnáwá kan bá já kúrò lára nẹ́tíwọ̀kì, mo pín iná rẹ̀ fún àwọn ẹ̀rọ yòókù. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ẹ̀rọ oríta 69 nìkan ni pandapower máa di gbogbo rẹ̀ lé.

Ìtò wáyà ni mo rí gbà, èyí tó ń ṣe jàǹbá jù ló ṣíwájú. Kò sọ èyí tó máa já. Ní Ohio, ọjọ́ 14 oṣù kẹjọ ọdún 2003, àwọn wáyà ńlá fara kan igi nígbà tí ẹrù wọn kò tíì dé ààlà, kí òkùnkùn tó bo nǹkan bíi mílíọ̀nù 50 èèyàn ní Amẹ́ríkà àti Kánádà. Kò sí igi nínú ìṣirò mi.

Yíyọ wáyà méjì-méjì ló kàn. Ìyẹn jẹ́ 17,205, mo sì ti ń bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn tó ṣíwájú nínú ìtò náà.