Ẹ Wo Ẹ̀yìn Lẹ́ńsì Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀kún o, ẹ̀yin onífídíò Kábà, Ìsánlú, Ẹ̀gbẹ̀, Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ àti gbogbo agbègbè wa.

Inú ń bí mi, n kò sì ní fi pa mọ́. Tí Kérésì bá ti ń sún mọ́lé, tí àwọn ará ilé ń ti Èkó àti Àbújá bọ̀ wá ṣègbéyàwó tàbí wá sìnkú òbí wọn, ìgbà náà gan-an ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fúrídọ̀mù máa ń kó gbogbo owó ọwọ́ wọn lé lẹ́ńsì tí kò ní wọ kámẹ́rà wọn láéláé. Ẹni tó wà n'Íkẹjà lè dá ọjà padà lọ́jọ́ tó rà á. Àwa ńkọ́? A ó fi owó ránṣẹ́, wọ́n á fi ọjà há awakọ̀ lọ́wọ́ ní gáráàjì, a ó máa dúró. Tí lẹ́ńsì bá dé tí kò wọlé, owó mọ́tò ti lọ, ẹni tó tà á kò sì ní gbé ìpè yín mọ́. Àṣìṣe mẹ́ta rèé tí ẹ máa ń ṣe.

1. Wíwo iwájú lẹ́ńsì nìkan. Gíláàsì tó ń dán ni wọ́n máa ń yà sí yín lórí WhatsApp. Ẹ ní kí wọ́n ya ẹ̀yìn. Ẹ̀yìn ni irin tó ń kọ́ ẹnu kámẹ́rà (mount, ibi tí lẹ́ńsì ń wọ̀ sí) wà, ibẹ̀ náà ni ojú iná wẹ́wẹ́ tí iná ń gbà láti kámẹ́rà wọ lẹ́ńsì wà. Nọ́ńbà 58 tí ẹ rí níwájú, ìwọ̀n fílítà ni. Kò kan ẹnu kámẹ́rà rárá.

2. "Canon ni kámẹ́rà mi, Canon ni lẹ́ńsì náà." Èyí ló ń dùn mí jù. Canon gbé ẹnu EF jáde ní 1987, EF-S tẹ̀lé e ní 2003, EF-M ní 2012, RF ní 2018. Orúkọ iléeṣẹ́ jẹ́ ọ̀kan, ẹnu kì í ṣe ọ̀kan.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Kámẹ́rà Canon 6D, ẹlẹ́nu EF, ló ní, ó sì ra RF 50mm tuntun sí i nítorí wọ́n sọ fún un pé òun ló ń lọ lóde. Kò wọlé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi wá adápítọ̀." Òrùka tó ń so lẹ́ńsì mọ́ kámẹ́rà tí ẹnu wọn yàtọ̀ ló ń wí. Mo ní, àbúrò mi, adápítọ̀ wo? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí. Láti ẹnu kámẹ́rà dé orí sẹ́nsọ̀, ìyẹn ohun tó ń gba àwòrán nínú kámẹ́rà, ìwọ̀n kan wà tí wọn kì í yí padà. Ti EF jẹ́ mílímítà 44. Ti RF jẹ́ 20. Lẹ́ńsì RF fẹ́ kí ẹ̀yìn òun wà ní mílímítà 20 sí sẹ́nsọ̀, ẹnu 6D sì ti jìnnà tó 44 kí ẹ tó gbé ohunkóhun lé e. Adápítọ̀ dà bí àpótí tí èèyàn gùn kí ó lè ga: kò sí àpótí tó ń sọ èèyàn di kúkúrú. Ó lè fi àyè kún àyè, kò lè yọ nínú rẹ̀.

Tí a bá yí i padà, ó ṣeé ṣe. Lẹ́ńsì EF ń wọ kámẹ́rà RF, nítorí adápítọ̀ á dí mílímítà 24 tó ṣẹ́ kù. Ó ń wọ Sony E náà, tí tirẹ̀ jẹ́ 18. Lẹ́ńsì Nikon F, tó jẹ́ 46.5, ń wọ Nikon Z, tó jẹ́ 16. Lẹ́ńsì àtijọ́ lọ sórí kámẹ́rà tuntun, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀nà ṣe là. Ẹni tó ń fi lẹ́ńsì tuntun wá kámẹ́rà àtijọ́ ń fi owó ṣòfò, ó sì ń dùn mí nítorí owó òógùn ni.

EF-S tún wà ńbẹ̀. Àmì onígun mẹ́rin funfun ló wà lára rẹ̀, ti EF jẹ́ róbótó pupa. 700D àti 80D ní àmì méjèèjì lẹ́nu, wọ́n gba méjèèjì. 6D àti 5D ní pupa nìkan. Ẹ má fipá tì í.

3. Adápítọ̀ tí kò ní ojú iná. Ó pọ́ọ́kú, òun ni ẹ fi ń rà á. Lẹ́ńsì EF kò ní òrùka tí ẹ lè fi ọwọ́ yí láti dín ihò ìmọ́lẹ̀ kù, iná láti ara kámẹ́rà ló ń ṣe é. Tí iná kò bá kọjá, ihò á ṣí gbayawu, kámẹ́rà kò ní fúnra rẹ̀ mú ojú èèyàn, ohun tó ń dá gbígbọ̀n dúró nínú lẹ́ńsì á kú. Ẹ wá gbé irú èyí lọ síbi òkú lọ́sàn-án gangan, nínú oòrùn. Àwòrán á funfun báláú. Ẹ ó gbé shutter (ìyára tí kámẹ́rà fi ń mú àwòrán) lọ sí 1/4000 kí ó lè rí bó ṣe yẹ, ẹsẹ̀ àwọn oníjó á wá máa já gìgì nínú fídíò. Ìdílé olóògbé kò ní tún ìnáwó yẹn ṣe nítorí yín.

Blackmagic Pocket 4K ń lo ẹnu Micro Four Thirds, Pocket 6K ń lo EF. Orúkọ wọn jọra, ẹ má jẹ́ kí ó tàn yín.

Lórí Micro Four Thirds, tí sẹ́nsọ̀ rẹ̀ kéré, 50mm á rí bíi 100mm lórí full frame (sẹ́nsọ̀ ńlá bíi ti 6D). Ẹ gbé e wọ pálọ̀ tí wọ́n ti ń ṣe ìdána, ògiri ni ẹ̀yìn yín á kàn kí ẹ tó rí ìyàwó pẹ̀lú àwọn òbí rẹ̀ pọ̀.

Nikon D3500 àti D5600 kò ní mọ́tọ̀ tó ń yí lẹ́ńsì AF-D, irú ti àtijọ́ tí kò ní mọ́tọ̀ tirẹ̀. Ọwọ́ ni ẹ ó fi máa yí i. Adápítọ̀ FTZ, tó ń so lẹ́ńsì Nikon F mọ́ kámẹ́rà Nikon Z, kò ní mọ́tọ̀ yẹn náà.

Lẹ́ńsì B4 ti kámẹ́rà tẹlifíṣọ̀n àtijọ́: àwòrán rẹ̀ kò tó bo sẹ́nsọ̀ yín, igun á dúdú.

Tí ẹ bá fẹ́ fowó ránṣẹ́, ẹ kọ orúkọ kámẹ́rà yín ní kíkún, ẹ gba fọ́tò ẹ̀yìn lẹ́ńsì, kí ẹ sì ní kí olùtajà ṣe fídíò kékeré fún yín, kí lẹ́ńsì náà wà lórí irú kámẹ́rà yín gan-an, kí ó mú ohun tó wà nítòsí, kí ó sì mú ohun tó jìnnà réré láìdàrú. Ẹni tí kò bá gbà láti ṣe é, ẹ má sanwó fún un.