Àwọ̀ Tó Ń Dán Ló Tàn Mí Jẹ

Agbọ́n 24 ni mo sọ ní orúkọ kan ṣoṣo, Chrysis ignita, agbọ́n tó ń dán, tó ń yé ẹyin sílé agbọ́n mìíràn. Mo fi àpótí wọn ránṣẹ́ sí ẹnìkan tó mọ irú wọn dáadáa. Nígbà tí àpótí náà padà dé, ẹni náà ti fi bírò pupa fagi lé 15. Èyí tó dùn mí jù ni owó àyẹ̀wò DNA tí mo ti san ṣáájú lórí mẹ́fà nínú wọn. Ignita náà ni èsì tí wọ́n fún mi, torí àwọn tó kó tiwọn sínú àkójọ tí wọ́n fi ń ṣe àfiwé ti ṣì í bíi tèmi. Mo fowó mi ra ẹlẹ́rìí èké.

Mímọ̀ pé Chrysis ni wọ́n kò le. Abala mẹ́ta ló hàn lẹ́yìn ikùn wọn, eyín mẹ́rin wà létí èyí tó kẹ́yìn, abẹ́ ikùn sì jìn wọnú, kí wọ́n lè ká ara wọn róbótó bí agbọ́n tó ni ilé bá ká wọn mọ́ ibi tí wọ́n ti fẹ́ yé ẹyin sí. Ẹ jẹ́ ká fò ó. Àwọn ọmọ ìyá ignita ni wàhálà: longula, ìyẹn gígùn díẹ̀ ní èdè Látìnì, àti angustula, tẹ́ẹ́rẹ́ díẹ̀. "Díẹ̀" yìí fojú mi rí màbo.

Èmi sì lọ gbára lé àwọ̀. Orí àti àyà búlúù, ikùn pupa bí ẹyin iná, ẹwà ni! Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀dà ló wà lára wọn, bí awọ wọn ṣe ń ta ìmọ́lẹ̀ padà ni. Ẹ yí i díẹ̀, ó ti di àwọ̀ ewé. Ohun tó yẹ kí n wò ni ihò wẹ́wẹ́ orí abala kejì: ṣé wọ́n fún mọ́ra, àbí àyè tó ń dán wà láàárín wọn? Alẹ́ mẹ́ta ni mo fi tẹjú mọ́ máíkíróskóòpù. Iná LED kan ṣoṣo tí mo tàn sí i ń kọ mànà lórí gbogbo ihò, mo sì ń ka mànà yẹn sí àyè. Lálẹ́ àkọ́kọ́, mo ní wọ́n fún mọ́ra. Lálẹ́ kejì, agbọ́n kan náà, mo ní wọn ò fún mọ́ra. Mo bú iná, mo bú ẹni tó kọ ìwé atọ́nà. Ohun tó yanjú rẹ̀ kò ju bébà funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí mo ká yí agbọ́n náà po, kí iná máa gba inú rẹ̀ kọjá. Dídán rọlẹ̀, ihò kọ̀ọ̀kan hàn ketekete. Ẹ bá mi yọ̀! Lẹ́yìn ìyẹn, párì àti àmì dúdú abẹ́ ikùn, wéré ni mo yẹ̀ wọ́n wò.

Ayọ̀ náà ò pẹ́. Nǹkan ọkùnrin àwọn akọ ló ń parí ẹjọ́, ara wọn sì ti gbẹ. Mo fi tipátipá fa ti ọ̀kan, ó ṣẹ́. Àwọn yòókù sùn nínú ike tí mo tẹ́ tísù tútù sí kí wọ́n tó rọ̀. Ká ní mo ti fi abẹ́rẹ́ fà á jáde lọ́jọ́ tí mo mú wọn ni, wéré ni ì bá yá. Mi ò tiẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹnu ihò agbọ́n kan, Odynerus spinipes, ni mo ti mú mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ilé agbọ́n yẹn gan-an ni mediata, ọmọ ìyá ignita mìíràn, ń yé sí.

Ní báyìí: angustula mẹ́fà, mediata mẹ́rin, longula mẹ́ta. Méjì tó kù, títí kan èyí tí mo ṣẹ́, "ẹgbẹ́ ignita" ni mo kọ sára káàdì wọn, mi ò sì fi nǹkan kan kún un.