Oyè Aláàbò Àgbáńlá Ayé: Àwọn Àṣìṣe Tí Ó Wọ́pọ̀ Nínú Ìtàn Àròsọ Wa

Àbúrò kan tó ń kọ ìtàn àròsọ fi iṣẹ́ rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi lọ́dún tó kọjá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó.” Ìtàn náà dára. Obìnrin kan ló ń ṣọ́ ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ ń gbà láti ìràwọ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Ó ti wà níbẹ̀ fún 400 ọdún, kò sì sí ẹni tó wá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo kà á títí ilẹ̀ fi ṣú. Àmọ́ oyè tí wọ́n fún obìnrin yìí ni “Olùgbèjà Gíga Jùlọ Ti Gbogbo Àgbáńlá Ayé”, gbogbo ìgbà tí oyè náà bá sì yọjú, ṣe ni ìtàn máa ń dúró gbagidi. Nígbà tí mo kà á tán, oyè ọ̀hún ti fò lọ lórí mi. Ẹni tí mo rántí ni bàbá arúgbó kan tó yọjú lójú ewé kan péré, tó ń gba owó lọ́wọ́ àwọn tó ń kọjá, tí wọ́n ń pè ní Oníbodè.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, torí mo máa ń bá a pàdé nínú ọ̀pọ̀ ìtàn tí a ń fi Yorùbá kọ nípa ojú ọ̀run àti ayé tí kò tíì sí. Oyè kún ìlú wa láti ààfin títí dé agbo ọdẹ. Síbẹ̀, bó bá ti kan ẹni tí yóò ṣọ́ ìràwọ̀, a máa ń ṣe bí ẹni tí kò fojú kan oyè rí.

Má ti orí ariwo bẹ̀rẹ̀

Àṣìṣe tó bí ọ̀pọ̀ nínú àwọn yòókù ni kí òǹkọ̀wé wá ọ̀rọ̀ tó ń dún kíkankíkan kí ó tó mọ iṣẹ́ tí ẹni náà ń ṣe. Oyè tó bá ti inú iṣẹ́ jáde máa ń gbé ìtàn pọ̀n sẹ́yìn wá. Wo Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò. Láyé àtijọ́, òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ Ọ̀yọ́, 70 sì ni àwọn ẹ̀ṣọ́ náà. Àwọn òpìtàn sọ pé bí wọ́n bá fẹ́ fi ènìyàn joyè yìí, wọ́n á fá orí rẹ̀, wọ́n á sín gbẹ́rẹ́ 201 sí i ní ìpàkọ́, wọ́n á fi oògùn ra á. Kò gbọ́dọ̀ bá Aláàfin gbé ìlú kan náà. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé Ìlọrin la ti bá Àfọ̀njá, tó sì jẹ́ pé Ìjàyè la ti bá Kúrunmí. Ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta, ó gbọ́dọ̀ jáde ogun lọ síbi tí Aláàfin bá nà án sí. Láàrin oṣù mẹ́ta, kó ṣẹ́gun padà wálé, tàbí kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wálé.

Wo ohun tí oyè kan ṣoṣo gbé dání: àmì tó wà lára, ibi tí ènìyàn kò gbọ́dọ̀ gbé, ọjọ́ tí a dá fún un, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí kò bá rí i ṣe. Ọba tó fi í joyè náà ló ń bẹ̀rù rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí kò fẹ́ kó sùn nítòsí. Àwọn ẹ̀ṣọ́ tó wà lábẹ́ rẹ̀ náà ní òfin tiwọn: “Ohun méjì ló yẹ ẹ̀ṣọ́: ẹ̀ṣọ́ jà ó lé ogun, ẹ̀ṣọ́ jà ó kú sógun.” Wọ́n tún ní ẹ̀ṣọ́ kì í gba ọfà lẹ́yìn, àfi níwájú gangan. Bí mo bá gbọ́ gbólóhùn yẹn, mo ti mọ bí wọn yóò ṣe yẹ òkú ẹ̀ṣọ́ wò bí wọ́n bá gbé e délé, mo sì ti mọ ojú tí ìyàwó rẹ̀ yóò fi máa wá ibi tí ọfà ti wọlé.

Nítorí náà, kí o tó sọ aláàbò rẹ lórúkọ, bi ara rẹ léèrè: kí ló ń ṣọ́ gan-an? Ta ló fi í joyè? Kí ni èèwọ̀ rẹ̀? “Gbogbo àgbáńlá ayé” kì í ṣe ìdáhùn. Kò sí ẹni tó lè ṣọ́ gbogbo nǹkan. Ẹni tó bá ń ṣọ́ afárá kan, tàbí ẹnu ihò kan, tàbí òòrùn kan tó ti ń kú lọ, òun ni ọkàn wa máa ń bá lọ.

Àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí lóòótọ́ mọ èyí. Ní NASA, àjọ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, oyè méjì wà tó jọra létí, tí iṣẹ́ wọn sì jìnnà síra. Ọ̀kan dá lórí ìdáàbòbò pílánẹ́ẹ̀tì: iṣẹ́ ẹni náà ni pé kí kòkòrò àìfojúrí tó wà láyé má bá ọkọ̀ wa dé Mars, kí ohunkóhun má sì bá ọkọ̀ wálé láti ọ̀hún. Àdéhùn àgbáyé ti ọdún 1967 lórí òfurufú wà nídìí rẹ̀. Èkejì dá lórí ìgbèjà pílánẹ́ẹ̀tì, ọ́fíìsì tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 2016, àpáta tó ń fò kiri lójú ọ̀run tó lè kọlu ayé ló sì ń ṣọ́. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2022, wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ fi ọkọ̀ kan tó ń jẹ́ DART kọlu àpáta kékeré kan, Dimorphos, láti wò ó bóyá a lè tì í kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀. Wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 55 ló fi ń yí àpáta ńlá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ po tẹ́lẹ̀, lẹ́yìn ìkọlù náà ó di wákàtí 11 àti ìṣẹ́jú 23. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yìí kò pe ara wọn ní alágbára jùlọ. Iṣẹ́ wọn ló wà lórúkọ wọn, ó sì tó.

Má fi oríkì ṣe oyè

Balógun: sílébù mẹ́ta. Ìyálóde: mẹ́rin. Oníbodè: mẹ́rin. Oyè tí àbúrò mi fún obìnrin rẹ̀, mo kà á, sílébù 17 ni. Bí iná bá ń jó ọkọ̀, ta ló ráyè pe gbogbo ìyẹn kó tó kígbe pé kí ó gbà wá?

Ohun tó fa èyí ni pé a gbé iṣẹ́ oríkì lé oyè lórí. Oyè la fi ń pe ènìyàn wálé, lẹ́nu iṣẹ́, lójú ìjà. Oríkì la fi ń kì í bó bá dé. Bí o bá fẹ́ kí a mọ bí aláàbò rẹ ṣe tóbi tó, jẹ́ kí oyè rẹ̀ kúrú, kí o sì wá ẹni tí yóò kì í nínú ìtàn náà. Bí àpẹẹrẹ:

Oníbodè Àgùàlà,
A-dúró-má-sùn bí ojú ẹja,
Ó wo ọ̀tá lẹ́ẹ̀kan, ọ̀tá gbàgbé ọ̀nà ilé,
Òkùnkùn ló bí i, ìmọ́lẹ̀ ló ń ṣọ́.

Àgùàlà ni ìràwọ̀ ńlá tó máa ń bá òṣùpá rìn, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Venus, tí wọ́n sì kà mọ́ pílánẹ́ẹ̀tì. Àwọn àgbà ní, “Àgùàlà ń bá òṣùpá rìn, wọ́n ṣe bí ajá rẹ̀ ni.” Òwe yìí nìkan tó bí ìtàn odidi: ẹni tí gbogbo ayé ń pè ní ajá òṣùpá, tí kò sì jẹ́ ajá ẹnikẹ́ni.

Má jẹ́ kí eegun èdè òyìnbó hàn lábẹ́ oyè

“Aláàbò Ti Àwọn Ìràwọ̀.” “Jagunjagun Ti Ìmọ́lẹ̀.” Bí o bá pè é sókè, wàá gbọ́ pé gẹ̀ẹ́sì ló ń sọ̀rọ̀. Yorùbá kì í fi “ti” so oyè pọ̀ báyìí. Ọ̀rọ̀ wa máa ń wọnú ara wọn. “Oní” àti “ọ̀run” di Ọlọ́run, “oní” àti “àṣẹ” di aláṣẹ, “oní” àti “ẹṣin” di ẹlẹ́ṣin. Bí ẹnì kan bá ń ṣọ́ ìràwọ̀, Aṣọ́ràwọ̀ ni yóò jáde lẹ́nu wa. Bó bá jẹ́ pé òun ló ni ín, Oníràwọ̀ ni. Mo ti rí “Onìóṣùpá” nínú ìtàn kan, ó dùn mí, nítorí Olóṣùpá wà nílẹ̀ tó ń dúró de ẹni tí yóò lò ó.

Lẹ́yìn tí o bá ti so ọ̀rọ̀ pọ̀ tán, gbọ́ ohun tí etí elòmíràn máa gbọ́. Òǹkọ̀wé kan fún akọni tó ń gbé ọ̀kọ̀ ní oyè “Ọlọ́kọ̀”. Ìlànà èdè kò lòdì sí i, àmọ́ ẹni tó bá kà á yóò rò pé onímọ́tò ni. “Aṣọ́bodè” náà dára létí, ṣùgbọ́n lórí rédíò àti nínú ìwé ìròyìn, àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù là ń pè bẹ́ẹ̀, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn Oníbodè jù ú lọ. Oníbodè ní gbòǹgbò tó jìn pẹ̀lú. Nínú ìtàn Ifá, oníbodè wà lẹ́nu ọ̀nà tí ọ̀run ti ń bọ́ sáyé, ẹni tó bá ti yan orí rẹ̀ tán yóò kọjá níwájú rẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, àmì ohùn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo ń bẹ̀ yín. “Ọdẹ Ìràwọ̀” jẹ́ oyè tó lè mú kí ara ènìyàn bù máṣọ. Fi àmì tí kò yẹ sí i kó di “Ọ̀dẹ̀ Ìràwọ̀”, o ti bú akọni rẹ lójú ìwé tìrẹ. Bí o bá sì kọ ọ́ láìfàmì sí i rárá, o ti fi òǹkàwé sílẹ̀ kó yan èyí tó bá wù ú.

Ti àwọn orúkọ bíi “Zaxvor” kò gùn. Bí ẹ̀dá inú ìtàn rẹ bá ní èdè tirẹ̀, jẹ́ kí èdè náà ní ìlànà. Bí kò bá ní, x àti z kò lè sọ ẹnikẹ́ni di ará ọ̀run.

Má fi í sílẹ̀ ní òun nìkan

Oyè kì í dá wà. Ní Ìbàdàn, Balógun ní Ọ̀tún Balógun, ó ní Òsì Balógun, Aṣípa, Ẹ̀kẹrin, Ẹ̀karùn-ún, tí wọ́n ń gorí oyè bí àkàbà. Nítorí náà, bí aláàbò rẹ bá jẹ́ Balógun Ìsálú Ọ̀run, ta ni Ọ̀tún rẹ̀? Ṣé ó fẹ́ràn rẹ̀, àbí ó ń dúró de ikú rẹ̀? Oyè sì ṣeé gbà lọ́wọ́ ènìyàn: Ẹfúnṣetán Aníwúrà jẹ́ Ìyálóde Ìbàdàn, ó lówó, ó ní ọmọ ogun tirẹ̀, síbẹ̀ Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, rọ̀ ọ́ lóyè ní 1874. Aláàbò tí ẹnikẹ́ni kò lè rọ̀ lóyè, ìbẹ̀rù wo ló kù fún un?

Oyè a sì máa rìn. Ṣẹ́ríkí àti Mọ́gàjí wá láti èdè Haúsá, a sì ti gbé wọn wọ ilé wa débi pé ọ̀pọ̀ ènìyàn kò mọ̀ mọ́. Bí ayé inú ìtàn rẹ bá ní aládùúgbò tó bá a jagun tó sì bá a ṣòwò, ó yẹ kí oyè kan wà níbẹ̀ tí a yá. Òmíràn a sì máa pẹ́ ju ìdí rẹ̀ lọ. Ní 1521, Póòpù Leo Kẹwàá fi Henry Kẹjọ ọba Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì joyè Olùgbèjà Ìgbàgbọ́. Kò pẹ́ tí Henry fi bá Róòmù já, àmọ́ kò dá oyè náà padà. Àmì rẹ̀, F D (Fidei Defensor lédè Látìn), ṣì wà lára owó ẹyọ wọn títí dòní. Irú àríyànjiyàn bẹ́ẹ̀, ta ló ni oyè, ta ló yẹ kó dá a padà, dùn ún kọ nínú ìtàn ojú ọ̀run.

Òrìṣà kì í ṣe aṣọ eré

Mi ò ní pẹ́ lórí èyí, àmọ́ ó wà lọ́kàn mi gan-an. Má mú orúkọ Ògún tàbí Ọ̀ṣun kí o fi lẹ ọmọ ogun onírin kan nítorí pé ó dùn létí. Ènìyàn ń kúnlẹ̀ níwájú wọn lónìí, ní Òṣogbo, ní Bahia ní Brazil, ní Havana ní Cuba. Bí òrìṣà bá máa wọ ìtàn rẹ, kó wọ̀ ọ́ gẹ́gẹ́ bí òrìṣà, pẹ̀lú ìwà rẹ̀ àti èèwọ̀ rẹ̀. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, dá ènìyàn tìrẹ.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn tí mo kọ gbogbo èyí sí àbúrò mi, ìtàn náà padà dé. Ó ti gba oyè lọ́wọ́ bàbá arúgbó yẹn, ó ti gbé e fún obìnrin náà: Oníbodè Àgùàlà. Èèwọ̀ rẹ̀ ni pé kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀ ayé kankan tí àwọn ọkọ̀ tó ń kọjá níwájú rẹ̀ ń lọ. Lójú ewé kejì, ọmọ kékeré kan nawọ́ jáde nínú ọkọ̀, ó di ẹ̀kúnwọ́ iyẹ̀pẹ̀ ilé ìyá rẹ̀ mú, ó fi lọ̀ ọ́. Oníbodè wò ó fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ó ṣí ibodè fún ọkọ̀ náà, ó sì kó ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì sẹ́yìn.